Níbi tí ọ̀ta kì í ti febi pa òpè: Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìsọ̀ ẹmu ẹ̀yìn Ọjà'ba

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pè mí sínú ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní: "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ìgbà lò ń kọ ìròyìn olè, ìròyìn ìjà orogún, ìròyìn ilé tó wó. Lọ wá ibì kan tí àwọn èèyàn ti ń gbafẹ́ nírọ̀lẹ́. Jókòó tì wọ́n, kí o wá sọ ohun tó o rí fún àwọn òǹkàwé wa. Ṣùgbọ́n má mutí yó o!" Mo ní mo ti gbọ́, sà.

Ibi tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò jìnnà. Ìsọ̀ ẹmu kan ni, ní ẹ̀yìn Ọjà'ba nílùú Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. N ò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ nípa ìsọ̀ yìí, àmọ́ mi ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ìyá mi ló fà á. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba. Láti ìsọ̀ wọn dé ìsọ̀ ẹmu náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ ìyá mi kì í gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Bàbá mi ni oníbàárà ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí bàbá mi kò tíì wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá mi máa ń sọ: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyàwó wọn kejì." Ọpọ́n ayò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kú ní 2021. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba ìsọ̀ ẹmu yẹn nílé wa. Nígbà tí ọ̀gá wa wá rán mi níṣẹ́ yìí, mo ní ẹ jẹ́ n lọ fojú ara mi rí ìyàwó kejì tí bàbá mi fẹ́.

BÍ Ẹ Ó ṢE DÉBẸ̀

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Mọ́lété tàbí láti Dùgbẹ̀, ẹ wọ mikírà, ọkọ̀ kékeré tó ń kó èèyàn méjì síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, tí orúnkún ẹni á máa gún ti ẹlòmíì. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Ọjà'ba lẹ fẹ́ bọ́ sí. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀. Láti 1929 ló ti wà níbẹ̀ tó ń wo gbogbo wa. Ẹ kẹ̀yìn sí Mápó, ẹ gba àárín àwọn oníṣòwò kọjá, níbi tí òórùn ata gígún àti ti ẹja gbígbẹ ti ń bá ara wọn jà nímú èèyàn. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà kékeré tó wà láàárín àwọn ilé àtijọ́ tí páànù wọn ti dípẹtà.

Ní igun ọ̀nà náà, ilé tẹ́tẹ́ kan wà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹgbẹ́ mi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́ta ló wà lára ògiri, bọ́ọ̀lù òyìnbó ni wọ́n ń wò. Kálukú di ìwé pélébé rẹ̀ mú. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo sí, òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n ló ń bú.

Mo kọjá níbẹ̀. Mi ò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín àgbàlagbà ni, èyí tó máa ń parí sí ikọ́. Mo ní mo ti débẹ̀ nìyẹn.

Igi ọdán ńlá kan ló ṣíji bo ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi páànù bo àtíbàbà sí. Bẹ́ńṣì onípákó mẹ́fà tàbí méje ló wà ńlẹ̀, ara wọn ti ń dán nítorí ìjókòó ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Ẹlẹ́mu jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì ẹmu mẹ́rin níwájú wọn, igbá tí wọ́n fọ̀ tó mọ́ tónítóní lápá ọ̀tún, ìkòkò pọ̀nmọ́ aláta lápá òsì.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n tún wò mí lẹ́ẹ̀kejì.

"Ojú rẹ jọ ojú ẹnì kan."

Mo dárúkọ bàbá mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì kígbe sínú àtíbàbà: "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ Bàbá Iléeṣẹ́ ló dé yìí!"

Mi ò mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pe bàbá mi níbẹ̀ nìyẹn. Aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ ni bàbá mi máa ń wọ̀ wá síbẹ̀ nígbà ayé wọn, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

ẸMU ÀÀRỌ̀ ÀTI ẸMU ALẸ́

Kí n tó sọ ti ayò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹmu, kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ má baà bínú sí mi. Ẹmu ọ̀pẹ ni Ìyá Ẹlẹ́mu ń tà, ògùrọ̀ kọ́. Láàárọ̀ kùtù ni adẹ́mu máa ń gbé e wá láti oko. Nígbà náà, ó ń dùn bí ìgbà tí wọ́n po ṣúgà mọ́ ọn, ọmọdé pàápàá lè mu ún. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó wà nínú rẹ̀ kì í sinmi. Bí oòrùn ṣe ń rìn ni òun náà ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ adùn ẹmu di ọtí. Ẹ ó máa rí ìfófòó rẹ̀ tó ń hó lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. Bí ó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti ń gbéni. Bó bá fi di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, ó ti ń lọ sápá ọtí kíkan tó jẹ́ pé ojú nìkan lèèyàn fi ń mu ún.

"Ẹni tó bá fẹ́ adùn, kó wá lọ́sàn-án," báyìí ni Ìyá Ẹlẹ́mu wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ariwo, kó wá lálẹ́."

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń mutí o. Mo rí Alájì kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà. Mínírà tútù kan ni wọ́n gbé síwájú, wọ́n sì rọra ń mu ún títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní ayò làwọn wá ta, ẹmu kọ́, Ọlọ́run sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

MO KỌ́TA, MO KÓPÈ

Ọ̀nà méjì ni eré pín sí níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti dráfù. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà níbẹ̀, Fọkanáísà, Mẹkáníìkì, àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fóònù. Pátákó tí wọ́n fi kun ọ̀dà funfun àti dúdú ni, ojú rẹ̀ mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní gígùn. Ogún ọmọ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Wọn ò ra ọmọ dráfù, ìdérí ìgò ni wọ́n ń lò. Ẹnì kan á dojú tirẹ̀ dé, èkejì á da tirẹ̀ ṣíjú sókè. Eré ariwo ni dráfù. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ọmọ, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á là á mọ́ pátákó gbàà! bí ìgbà tí wọ́n ń kan ìṣó.

"Táyà rẹ ti bẹ́," Fọkanáísà ń wí fún Mẹkáníìkì. "Gbé e wá kí n bá ẹ lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ́ńjìnnì tìrẹ ló ti nọ́ọ̀kù," Mẹkáníìkì dá a lóhùn, ó sì jẹ ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Apá òsì ni ti ayò, ibẹ̀ ni àwọn àgbà wà. Mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí aláyò, mo bá dúró, mo ní: "Mo kọ́ta, mo kópè o!"

Àwọn tó jókòó dáhùn pa pọ̀: "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn!"

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, òpè sì ni èmi. Méjì ló jókòó sídìí ọpọ́n. Bàbá arúgbó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ọ̀ta wà lápá kan, iṣẹ́ awakọ̀ tírélà ni wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì. Bọ̀dá Télọ̀ wà lápá kejì, ó fi téèpù kọ́ ọrùn bí ẹni pé oníbàárà lè dé nígbàkúùgbà. Bàbá Ọ̀ta gbójú sókè wò mí, ojú wọn dúró lára mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní: "Ọmọ Bàbá Iléeṣẹ́. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Ayò la ń ta lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ń bọ̀."

Àpótí kékeré kan ni wọ́n nawọ́ sí. Mo jókòó.

Ọpọ́n náà ti pẹ́, igi rẹ̀ ti dúdú, inú àwọn ihò rẹ̀ sì ń dán bí awo tanganran. Ihò méjìlá ló ní, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe ihò kọ̀ọ̀kan ní ilé. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dà sínú ilé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Èso igi ni ọmọ ayò, ó yi, ó ń dán, àwọ̀ eérú ló ní. Ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, á máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, yípo dé ilé ẹnì kejì. Bí ọmọ tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé ẹnì kejì, tó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí.

Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, àbí? Ẹ lọ jókòó tì í ná! Bàbá Ọ̀ta kì í ka ọmọ. Wọ́n kàn ń wo ilé ni, ọwọ́ wọn á sì gbéra. Ẹni tí kò kàwé rárá ń ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin márùn-ún tí ọwọ́ bá yí, èmi tí mo ní wáyẹ̀ẹ̀kì lápò, mi ò tíì mọ ibi tí ọmọ kan yóò bọ́ sí.

Kì í sì í ṣe eré ìdílé wa nìkan o. Àwọn ará Gánà ń ta á, oware ni wọ́n ń pè é. Nígbà òwò ẹrú, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ gbé e dání nínú orí wọn kọjá òkun, títí di òní ni wọ́n ṣì ń ta á ní erékùṣù Antigua, warri ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nílé wa níhìn-ín pàápàá, ayò wà lára eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fi díje níbi ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tó bá pè é ní eré ọ̀lẹ, ó ku díẹ̀ káàtó.

Kò sí owó nídìí ayò yìí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò ra ẹmu igbá kan fún ẹni tó borí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ara wọn.

"Bàbá, ẹ jókòó dáadáa kí n wọ̀n yín," Bọ̀dá Télọ̀ ń wí. "Aṣọ ìtìjú ni mo fẹ́ rán fún yín lónìí."

"Ọmọ mẹ́ta tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yẹn," Bàbá Ọ̀ta dáhùn, "owó abẹ́rẹ́ rẹ ni. Fi èyí tó kù ra òwú."

NÍGBÀ TÍ ILÉ TÉLỌ̀ ṢÓFO

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, wọ́n mú iná lọ. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ kígbe. Ìyá Ẹlẹ́mu gbé àtùpà kan wá, wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀ka igi, eré ń lọ. Láti ilé tẹ́tẹ́ lókè lọ́hùn-ún la ti gbọ́ ariwo ìbànújẹ́, ká tó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn tó dún.

Ibi tí eré dé nígbà náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bọ̀dá Télọ̀ ti jẹ 21, Bàbá Ọ̀ta ti jẹ 18. Ọmọ mẹ́sàn-án péré ló kù lórí ọpọ́n. Bọ̀dá Télọ̀ gbé ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó bọ́ sí apá Bàbá Ọ̀ta. Bó ṣe di pé ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Télọ̀ ṣófo nìyẹn. Gbogbo ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà lọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀ta, ó sì kan wọn láti ta.

Èmi òpè bá ṣírò: 18 pẹ̀lú 9, 27. Bàbá ti borí nìyẹn! Wọ́n kàn máa yí ọmọ kékeré kan nínú ilé tiwọn ni, Télọ̀ kò ní ohun tó máa ta, ó parí.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ọ̀ta kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ilé wọn karùn-ún, níbi tí ọmọ márùn-ún wà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀, wọ́n sọ ọ̀kan sí ilé tiwọn tó gbẹ̀yìn, wọ́n sì pín mẹ́rin yòókù sí ilé Télọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnu yà mí. Ta ló ń kó oúnjẹ fún ọ̀tá? Eré tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi parí tí wọ́n ka ọmọ, Bọ̀dá Télọ̀ ní 25, Bàbá Ọ̀ta ní 23. Télọ̀ fò sókè, ó ń jó yí igi ọdán ká, téèpù ń fì lọ́rùn rẹ̀.

Mo gbàgbé pé òpè ò gbọdọ̀ fọhùn. Mo ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ fi fún wọn ní ọmọ? Ṣebí ẹ ti borí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀ta kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Òfin ayò ni. Bí ilé ẹni tí ẹ jọ ń ta ayò bá ṣófo, tí o sì ní èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, o gbọ́dọ̀ fún un. A kì í febi pa ẹni tá a jọ jókòó sídìí ọpọ́n. Bó o bá febi pa á, ta lo máa bá ta ayò lọ́la?"

Wọ́n gbé igbá ẹmu wọn, wọ́n mu díẹ̀. Wọ́n wá ní: "Bàbá tìrẹ náà, ilé wọn ṣófo nígbà kan."

OHUN TÍ N Ò MỌ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ní 2016, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Bàbá mi wà lára wọn. Ọdún kejì rẹ̀ ló yẹ kí n ṣe ìdánwò àṣejáde. Èlùbọ́ ìyá mi nìkan ni gbogbo wa ń jẹ, òun náà la fi ń san owó ilé. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjà ayò gbóná jù nílé wa. Ìyá mi á ní: "Ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ayò ló ń ta!" Bàbá mi kì í fèsì. Wọ́n á kàn bọ́ sóde.

Ohun tí Bàbá Ọ̀ta sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí. Wọ́n ní kí iṣẹ́ tó bọ́, bàbá mi ni í máa ra kèrègbè fún gbogbo ìjókòó bí oṣù bá parí. Lójijì, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run àwọn, pé àwọn ò ní mu ẹmu. Ọjọ́ kìíní, inú ń run wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kẹta, inú ṣì ń run wọ́n.

"Inú wo ló ń run èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?" Ìyá Ẹlẹ́mu dá sí i láti ẹnu ọ̀nà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe inú, àpò ni."

Wọ́n bi bàbá mi léèrè, bàbá mi kò jẹ́wọ́. Ó di alẹ́ ọjọ́ kan tí ìsọ̀ ti tú, tó ku àwọn méjì nídìí ọpọ́n, kí bàbá mi tó sọ pé owó ìdánwò ọmọ àwọn kù sí ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ò sì ní kọ́bọ̀.

Àwọn mẹ́wàá kan ń dá àjọ nínú ìsọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn, Káfíńtà ló kàn láti kó o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó ni Káfíńtà fẹ́ fi owó náà rà, ó ti ń retí rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Nígbà tó gbọ́, ó ní kí wọ́n gbé owó àjọ náà fún Bàbá Iléeṣẹ́, pé ọwọ́ òun ṣì lè fá pákó fún ìgbà díẹ̀ sí i. Kì í ṣe ọrẹ o, owó yíyá ni. Ní 2018, bàbá mi rí iṣẹ́ ọdẹ òru, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san án padà fún Káfíńtà títí ó fi pé. Kò ku kọ́bọ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó kú.

Mo wo ibi tí Káfíńtà jókòó sí. Ó ń wo dráfù, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ó ní: "Dìde jàre. Ṣé o yege?"

Mo ní mo yege, sà.

"Ó tán nìyẹn. Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò, o ò jẹ́ kí n rí dráfù."

Mo padà bi Bàbá Ọ̀ta pé kí ló dé tí bàbá mi kò fi sọ fún ìyá mi. Nílé wa, ohun tí bàbá mi sọ ni pé ọwọ́ ẹbí àwọn kan làwọn ti yá owó náà. Bàbá Ọ̀ta ní: "Wọ́n ní bí ìyá rẹ bá gbọ́ pé ìsọ̀ ẹmu lowó ti wá, kò ní jẹ́ kí wọ́n san án. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú wọn yàtọ̀. Ojú ń tì wọ́n láti jókòó nílé kí ìyàwó máa bọ́ wọn. Níbí, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí lẹ mú wá. Ó kan yín, ẹ ta ayò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

OHUN TÍ ÌYÁ MI SỌ

Aago mẹ́wàá kọjá kí n tó délé. Ìyá mi ń kù èlùbọ́ ọjà ọjọ́ kejì, ojú wọn funfun fún ìyẹ̀fun. Òórùn ẹmu ti ṣíwájú mi wọlé. Wọ́n ní: "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n ò dá mi dúró. Asẹ́ tí wọ́n mú lọ́wọ́ ló dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n kọ́kọ́ bínú, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Wọ́n ní: "Ó lé lọ́dún kan tí mo fi dá gbé ilé yìí sórí bí igbá èlùbọ́. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé àwọn yáwó, ṣé màá pa wọ́n jẹ ni? Èmi náà ń dá àjọ lọ́jà. Ṣé n ò lè bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò ní ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn wọn wálẹ̀. Wọ́n ní: "Àwọn tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá. Ta ni yóò bá mi gba gbogbo èébú yẹn padà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jáde, wọ́n gbé ọ̀rá èlùbọ́ ńlá méjì lé mi lọ́wọ́, èyí tó dára jù nínú ọjà wọn. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan fún Ìyá Ẹlẹ́mu, kí n gbé ìkejì fún ìyàwó Káfíńtà. Wọ́n ní kí n má sọ ẹni tó fi rán mi. Mo sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò sọ pé kí gbogbo ọkùnrin lọ máa sùn sídìí ọpọ́n ayò o. Ẹni tó fi owó ọbẹ̀ ra ẹmu, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta, òpè ni nílé ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, bí ilé yín bá ṣófo, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹ, tẹ́ ẹ jọ ń mu ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, kí ará ìta tó gbọ́. Ẹ̀yin ìyàwó, bí ọkọ yín bá ní ibi kan tó ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, ẹ gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, kí ẹ rọra kí wọn. Ẹ lè mọ irú èèyàn tó wà níbẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ìyá mi kò rìn.

Àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà ní ilé tẹ́tẹ́ igun ọ̀nà, bí owó yín bá tán níbẹ̀ yẹn, ta ló mọ̀? Ta ni yóò bi yín pé kí ló dé tí inú fi ń run yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Bí ẹ bá ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tiyín, tàbí tí ọpọ́n ayò ti tú ilé yín ká rí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. A ó gbé e jáde ní ojú ewé ẹ̀yin òǹkàwé. Èmi, mo ti ń lọ kọ́ ayò. Bọ̀dá Télọ̀ ti nà mí lẹ́ẹ̀mẹfà, mo sì ti jẹ gbèsè ẹmu igbá mẹ́fà.